Orí Kẹta: Sísọ Ohun Àyẹ̀wò Di Áyọ́ọ̀nù Nínú Afẹ́fẹ́ Gbangba

Mass spectrometer, ẹ̀rọ tó ń wọn ìwúwo mólékù, kì í wọn ohun tí kò ní iná lára. Bó ti wù kí oògùn dára tó, bí mólékù rẹ̀ kò bá tíì gba prótọ́ọ̀nù kan mọ́ra, tàbí kó ti sọ ọ̀kan nù, ẹ̀rọ náà kò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Èyí nìkan kọ́. Inú ẹ̀rọ ọ̀hún ṣófo: pọ́ọ̀ǹpù ti fa afẹ́fẹ́ ibẹ̀ síta débi pé èyí tó kù kò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá èyí tí à ń mí sínú. Àwọn ohun tí à ń gbé wá fún un wá ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ni, omi kànga ni, ẹ̀wà lílọ̀ ni, hóró oògùn ni. Èyí tó tutù ń bẹ, èyí tó gbẹ ń bẹ, gbogbo wọn ló sì wà nínú afẹ́fẹ́ tí àwa náà wà.

Ẹnu ẹ̀rọ ni inú tó ṣófo yẹn àti àwọn ohun àyẹ̀wò wọ̀nyí ti ń pàdé. Níbẹ̀, lójú afẹ́fẹ́ gbangba, ni mólékù ti gbọ́dọ̀ di áyọ́ọ̀nù, ìyẹn èyí tó ní iná lára, kó tó gba ihò kan tí kò fẹ̀ tó mìlímítà kan wọlé. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdí iṣẹ́ yìí máa ń fẹ́ mọ ohun tó wà nínú lọ́hùn-ún, nítorí ibẹ̀ ló gbówó lórí jù. Ẹnu ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìbàjẹ́ náà sì ti bẹ̀rẹ̀ láti orí tábìlì tí ẹ ti po ohun àyẹ̀wò, kí ó tó dé iwájú ẹ̀rọ rárá.

Abẹ́rẹ́ tó ń fọ́n omi

Ọ̀nà tí ẹ ó bá ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ láàbù ni electrospray, tí wọ́n ń gé kúrú sí ESI. Malcolm Dole ní Northwestern University ti gbìyànjú rẹ̀ ní 1968, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ John Fenn àti Masamichi Yamashita ní Yale ló ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní 1984. Lidia Gall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Leningrad náà ń ṣe irú rẹ̀ lásìkò kan náà. Kí èyí tó dé, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ní láti sọ nǹkan di gáàsì kí ẹ tó lè wọ̀n ọ́n, prótéènì a sì ti jóná kó tó di gáàsì. Ẹni ọdún 85 ni Fenn nígbà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2002, lẹ́yìn tí Yale ti ní kó lọ sinmi nítorí ọjọ́ orí. Àwọn tó ń lé àgbà kúrò nídìí iṣẹ́ lè rò ó wò.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹ ó yọ́ ohun àyẹ̀wò sínú omi ìyọ́, èyí tó sábà máa ń jẹ́ mẹ́tánọ́ọ̀lù àti omi ní ìdajì-ìdajì, ẹ ó sì máa tì í jẹ́jẹ́ gba inú abẹ́rẹ́ irin kan. Fóóltì bíi 3,000 sí 4,500 wà láàárín abẹ́rẹ́ yìí àti ẹnu ẹ̀rọ. Agbára iná yìí yóò fa omi tó wà lórí abẹ́rẹ́ títí yóò fi rí ṣóńṣó, láti orí ṣóńṣó náà ni àwọn ẹ̀kán omi tí ojú kò lè rí yóò ti máa já, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé iná dání. Náítírójìn gbígbóná ń fẹ́ sí wọn, omi ara wọn ń gbẹ, wọ́n ń kéré sí i, ṣùgbọ́n iná ara wọn kò dín. Tó bá yá, àyè kò ní gba iná náà mọ́, ẹ̀kán omi a sì fọ́ sí wẹ́wẹ́. Láti 1882 ni Lord Rayleigh ti ṣírò bí iná tí ẹ̀kán omi lè gbé ṣe mọ. Wẹ́wẹ́ náà tún ń gbẹ, ó tún ń fọ́, títí áyọ́ọ̀nù yóò fi dá wà nínú afẹ́fẹ́.

Lójú kọ̀ǹpútà, áyọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan máa ń yọ bí òpó tín-ín-rín lórí nọ́ńbà kan. Nọ́ńbà yìí ni ìwúwo rẹ̀ tí a fi iye iná ara rẹ̀ pín. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò lò ó nígbà tí a bá dé orí ẹ̀jẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú oògùn ibà artesunate. Bí hóró rẹ̀ bá jẹ́ mìlígíráàmù 50, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ yọ́ ọ sínú mìlílítà 50 mẹ́tánọ́ọ̀lù, ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ sì jẹ́ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó sílẹ̀ yẹn, èlùbọ́ àti ẹfun tí wọ́n fi mọ hóró ni. Kò gbọ́dọ̀ dé inú abẹ́rẹ́. Ẹ fi asẹ́ oníhò máíkírómítà 0.2 sẹ́ omi òkè rẹ̀, kí ẹ sì bu omi ìyọ́ là á ní ìlọ́po 1,000. Ẹni tó bá ń rò pé kó pọ̀ ni yóò fi hàn dáadáa, kó gbàgbé ìyẹn. Máíkírógíráàmù kan nínú mìlílítà kan ti tó. Ohun tó bá nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò lẹ̀ mọ́ ọ̀nà omi, ẹ ó sì máa rí artesunate nínú gbogbo ohun tí ẹ bá yẹ̀ wò títí di ọjọ́ kejì. Ẹ fi sí sìríńjì, ẹ máa tì í ní máíkírólítà 5 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ gbé fóltéèjì sí 3,500.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà wá dé. Ìwúwo artesunate jẹ́ 384. Ẹni tó ti kà á nínú ìwé pé prótọ́ọ̀nù kan ni yóò wọlé yóò máa wá òpó 385. Ó lè wò ó títí kó má rí nǹkan gúnmọ́, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ayédèrú ni. Bẹ́ẹ̀ artesunate kì í fi bẹ́ẹ̀ di prótọ́ọ̀nù mú. Sódíọ̀mù ló fẹ́ràn, òpó rẹ̀ a sì yọ lórí 407, nítorí sódíọ̀mù jẹ́ 23. Bí ammonium bá wà nínú omi ìyọ́, ẹ ó rí 402. Ohun tí mo máa ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn ni pé kí wọ́n dìídì fi ammonium acetate díẹ̀ sí i, nítorí iye sódíọ̀mù ń yí padà láti ìgò dé ìgò, kò sì sí ẹni tó lè fi ìyẹn ka iye oògùn. Bí ẹ bá fi agbára fọ́ 402 nínú ẹ̀rọ, 267 ni yóò já sí. Ìyẹn sì ni ẹ̀rí pé artesunate ni lóòótọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí náítírójìn gbóná jù, torí oògùn yìí kò fara da ooru: 267 a ti máa yọ láti ẹnu kí ẹ tó pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé kó fọ́ nǹkan kan.

Nínú ayédèrú artesunate tí àwọn onímọ̀ gbà jọ ní Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Éṣíà, wọ́n bá paracetamol àti chloroquine nínú àwọn kan. Paracetamol yóò yọ lórí 152, chloroquine lórí 320. Èyí tó ń pa èèyàn jù nínú wọn ni èyí tí wọ́n fi ojúlówó oògùn díẹ̀ sí, tí òpó 407 sì yọ níbẹ̀ dáadáa. Òpó ń sọ pé oògùn wà. Bóyá ó pé, ẹ̀yin lẹ ó fi artesunate tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ gbé e wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ti àwọn tó ń sọ prótọ́ọ̀nù nù kò gùn. Oògùn tó bá jẹ́ ásíìdì, bí ibuprofen, ẹ yí iná padà sí àmì ìyọkúrò, ẹ ó rí i lórí 205. Ẹ dín fóltéèjì kù nígbà náà. Bí ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù lórí abẹ́rẹ́, tàbí tí òpó ń jó sókè sódò láìnídìí, iná ti ń ta nínú afẹ́fẹ́ nìyẹn.

Iyọ̀, ọṣẹ àti ẹ̀wà

Iná tó wà lórí ẹ̀kán omi níye. Gbogbo ohun tó bá wà nínú rẹ̀ ló ń du iná yìí, bí èrò ṣe ń du ẹnu ọ̀nà dáńfó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tó lágbára ni yóò wọlé, kì í ṣe ẹni tó ti pẹ́ lórí ìdúró. Iyọ̀ lágbára. Ọṣẹ lágbára ju iyọ̀ lọ. Ohun tí ẹ ń wá lè wà níbẹ̀ kó má sì yọ rárá.

Ìdí nìyí tí a kò fi ń lo fọ́sífééètì níwájú ESI. Kì í fò lọ, ṣe ló máa ń gbẹ mọ́ ẹnu ẹ̀rọ bí èéfín. Bí iṣẹ́ yín bá ń fẹ́ ohun tí yóò di ipò ásíìdì mú, ammonium acetate tàbí ammonium formate ni kí ẹ lò, torí àwọn méjèèjì ń bá gáàsì lọ. Ásíìdì fọ́míìkì ìdá 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Ìgò tí ẹ bá fi ọṣẹ fọ̀, ẹ má gbé e wá sídìí ẹ̀rọ yìí, bó ti wù kí ẹ ṣàn án tó. Mẹ́tánọ́ọ̀lù mímọ́ ni kí ẹ fi ṣan èyí tí ẹ ó lò.

Àwọn àlejò kan wà tí ẹ ó máa rí lójoojúmọ́, ó sì dára kí ẹ mọ ojú wọn. 391 àti 413, ara ike ni wọ́n ti ń wá, láti inú ohun tí wọ́n fi ń mú ike rọ̀. 149 àti 279 jẹ́ ẹbí wọn. 371 àti 445 ń wá láti ara sílíkóònù. Bí ẹ bá rí ọ̀wọ́ òpó tó fi 44 jìnnà síra, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì bí àtẹ̀gùn, ọṣẹ tàbí ìpara ọwọ́ ẹnìkan ló wọ inú iṣẹ́. Kí ẹ tó yẹ ohunkóhun wò, ẹ kọ́kọ́ ṣe omi ìyọ́ nìkan, kí ẹ sì tọ́jú àwòrán rẹ̀. Ohun tó bá wà níbẹ̀ kì í ṣe ti oníbàárà yín.

Ní 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà dúró nítorí dichlorvos, oògùn kòkòrò tí àwọn kan ń fi sí ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ìwọ̀n tí wọ́n gbà láàyè kò ju mìlígíráàmù 0.01 lọ nínú kílò kan. Dichlorvos máa ń yọ lórí 221, pẹ̀lú ìkejì rẹ̀ lórí 223 tó ga tó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀, nítorí klórínì méjì tó wà lára rẹ̀. Bí 221 bá dá yọ láìsí 223, nǹkan mìíràn ni. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé ẹ̀wà lílọ̀ kún fún ọ̀rá, ṣúgà àti iyọ̀, gbogbo wọn ló sì ń du iná. Wọ́n lè tẹ dichlorvos rì débi pé ẹ̀wà olóògùn yóò jọ èyí tó mọ́. Irú àṣìṣe yìí kì í pariwo. Ẹni tó ń tà yóò dúpẹ́, ẹni tó ń jẹ kò ní mọ̀.

Ọ̀nà méjì la fi ń mú un. Àkọ́kọ́, ẹ bu omi ìyọ́ la ohun àyẹ̀wò ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ó yẹ kí òpó rẹ̀ kúrú sí ìdá mẹ́wàá. Bí kò bá kúrú tó bẹ́ẹ̀, tàbí tó tiẹ̀ ga sí i, nǹkan kan ń tẹ̀ ẹ́ rì níbẹ̀. Èkejì, ẹ mú ẹ̀wà tí ẹ mọ̀ pé oògùn kò sí nínú rẹ̀, ẹ fi ìwọ̀n dichlorvos kan sí omi tí ẹ fà lára rẹ̀, kí ẹ tún fi ìwọ̀n kan náà sí omi ìyọ́ lásán, kí ẹ fi gíga òpó méjèèjì wéra. Láàbù tí kò bá lè fi èyí hàn yín, ẹ má gba ìwé àyẹ̀wò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀

Ohun tí electrospray ń ṣe tí ọ̀nà mìíràn kò lè ṣe tó o ni pé ó ń fi iná púpọ̀ sára mólékù ńlá kan ṣoṣo. Ẹ mú hẹmoglóbíìnì, tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pupa. Okùn bẹ́tà rẹ̀ wúwo tó 15,867. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kò lè ka nọ́ńbà tó ga tó yẹn. Ṣùgbọ́n bí prótọ́ọ̀nù 18 bá lẹ̀ mọ́ ọn, nọ́ńbà rẹ̀ yóò já sí 882.5, èyí tí ẹ̀rọ kékeré pàápàá lè kà. Èyí tó ní 17 àti èyí tó ní 19 yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ara wọn ni kọ̀ǹpútà ti ń ṣírò ìwúwo gidi.

Nínú ẹni tó ní S, ìyẹn hẹmoglóbíìnì tó ń fa àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ásíìdì àmínò kan ṣoṣo ló yí padà lórí okùn bẹ́tà, tí valine gba ipò glutamic acid. Ìyẹn fi 30 dín ìwúwo okùn náà kù, sí 15,837. Lára èyí tó gbé prótọ́ọ̀nù 18, òpó rẹ̀ yóò bọ́ sí 880.8. AS yóò ní òpó méjèèjì, AA yóò ní ti 882.5 nìkan, SS yóò ní ti 880.8. Iṣẹ́ náà kò le: ẹ bu omi ìyọ́ la ẹ̀jẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 500, ẹ fi ásíìdì fọ́míìkì díẹ̀ sí i, ẹ tì í wọlé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn láàbù kan ń fi mass spectrometer yẹ ẹ̀jẹ̀ gìgísẹ̀ àwọn ọmọ tuntun wò fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde.

Lọ́dọ̀ tiwa, ó kù síbì kan. AC àti SC wà láàárín Yorùbá, lysine ló sì gba ipò glutamic acid nínú C. Ìyàtọ̀ ìwúwo rẹ̀ sí ti A kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ fi 18 pín ẹyọ kan. Kò sí ojú tó máa rí i lára òpó tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ṣe àyẹ̀wò lọ́nà òkè yìí yóò sọ fún AC pé AA ni, yóò sì sọ fún SC pé AS ni. Èyí kì í ṣe ohun tí a fi ń gbéyàwó. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹ́ńsáìmù trypsin gé okùn náà. Ẹyọ àkọ́kọ́ tó já, pẹ̀lú prótọ́ọ̀nù méjì lára rẹ̀, yóò yọ lórí 476.8 bó bá jẹ́ A, 461.8 bó bá jẹ́ S. Trypsin a máa gé níbi tí lysine bá wà, nítorí náà ti C yóò já kúrú, yóò sì bọ́ sí 347.7. Kò sí èyí tí ẹ ó fi pe èkejì nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ kò bá ràn án

Ohun tí kò fẹ́ràn omi, tí kò ní ibi tí prótọ́ọ̀nù lè dì mú, electrospray kì í rí i dáadáa. Epo pupa ni àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù. Carotene tó fún un láwọ̀, ọ̀rá ni. Fún irú èyí, APCI ni kí ẹ gbé sẹ́nu ẹ̀rọ, ọ̀nà tí àwọn Horning ní Baylor College of Medicine, Houston, gbé jáde láàárín ọdún 1970 sí 1975. Níbẹ̀, ooru bíi 350 sí 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni yóò kọ́kọ́ sọ omi àti ohun àyẹ̀wò di gáàsì. Abẹ́rẹ́ ṣóńṣó kan tó ń ta iná jẹ́jẹ́ yóò wá gbé iná fún náítírójìn, náítírójìn yóò gbé e fún oru omi, omi yóò sì fi prótọ́ọ̀nù ta ohun àyẹ̀wò lọ́rẹ. Beta-carotene yóò yọ lórí 537. Cholesterol yóò sọ omi ara rẹ̀ nù, yóò sì yọ lórí 369. Ẹ má wá a lórí 387.

APCI kì í bẹ̀rù iyọ̀ tó ESI, mo sì máa ń yàn án níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé artesunate síbẹ̀, ẹ kò ní bá a láàyè. Prótéènì náà kò bá a mu.

Láì po nǹkan kan

Ní 2004, ẹgbẹ́ Graham Cooks ní Purdue University gbé DESI jáde: ẹ fọ́n ẹ̀kán omi oníná lu ojú hóró oògùn bó ṣe wà, àwọn tó ta padà yóò gbé oògùn náà wọnú ẹ̀rọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Robert Cody àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní JEOL gbé DART jáde, tó ń lo hílíọ̀mù gbígbóná. Ó yá, ó mọ́, ṣùgbọ́n hílíọ̀mù wọ́n, mi ò sì ní gba láàbù tó ń ṣọ́ owó ná nímọ̀ràn pé kó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Èyí tí mo rò pé ó yẹ irú láàbù bẹ́ẹ̀ jù ni paper spray, tó jáde láti Purdue bákan náà ní 2010. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé bébà ìsẹ́ǹkan sí onígun mẹ́ta, kí orí rẹ̀ mú ṣóńṣó. Ẹ kán ẹ̀jẹ̀ tàbí omi oògùn sí àárín rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ fi kílíìpù irin di ìdí rẹ̀ mú, kí ẹ kọjú ṣóńṣó sí ẹnu ẹ̀rọ, kó ku nǹkan bíi mìlímítà 5. Ẹ kán mẹ́tánọ́ọ̀lù bíi máíkírólítà 10 sí i, kí ẹ wá tan fóóltì bíi 3,500 sí kílíìpù náà. Bébà fúnra rẹ̀ ni abẹ́rẹ́. Púpọ̀ nínú ìdọ̀tí ẹ̀jẹ̀ yóò há sínú òwú bébà, iṣẹ́ yóò sì parí kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Gígé ni ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́: bí ṣóńṣó bá ya gbùjẹ̀gbùjẹ̀, orí rẹ̀ yóò di bíi mẹ́ta, omi kò sì ní mọ èyí tí yóò gbà. Ẹ pa iná kí ẹ tó pààrọ̀ bébà. Kílíìpù yẹn lè gbé èèyàn ṣánlẹ̀.

Iná, gáàsì àti ìparí ọjọ́

Ohun kan wà tí a jèrè nínú pé ẹnu ẹ̀rọ wà nínú afẹ́fẹ́ gbangba. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ẹ lè yọ abẹ́rẹ́, kí ẹ fi aṣọ tí kì í ta òwú àti mẹ́tánọ́ọ̀lù nu ẹnu rẹ̀, láì pa pọ́ọ̀ǹpù. Níbi tí iná ti ń lọ lójijì, èyí kì í ṣe ohun kékeré, torí pọ́ọ̀ǹpù tó bá kú lè gba òru mọ́jú kó tó fa afẹ́fẹ́ tán padà. Bí owó bá wà fún ìnfátà kan ṣoṣo nínú láàbù, pọ́ọ̀ǹpù ni kí ẹ so mọ́ ọn. Kọ̀ǹpútà lè kú.

Páìpù tó ń gbé èéfín jáde láti ẹnu ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ gba ojú fèrèsé lọ síta gbangba. Oru mẹ́tánọ́ọ̀lù kò dára fún ojú, náítírójìn tó bá sì kún yàrá tó há lè mú kí èèyàn dákú láìgbóòórùn nǹkan kan.

Láràárọ̀, ẹ ti omi kaféènì wọlé ní ìwọ̀n kan náà, kí ẹ sì kọ gíga òpó 195 rẹ̀ sínú ìwé. Ọjọ́ tó bá kúrú sí ìdajì, ẹ nu ẹnu ẹ̀rọ kí ẹ tó yí nǹkan kan padà. Bí ẹ bá ṣetán lálẹ́, ẹ fi mẹ́tánọ́ọ̀lù àti omi tí kò ní ásíìdì ṣan ọ̀nà abẹ́rẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Ẹ pa fóltéèjì, ẹ pa ooru, ẹ jẹ́ kí náítírójìn máa fẹ́ títí ẹnu ẹ̀rọ yóò fi tutù, kí ẹ tó ti kọ́kọ́rọ́ọ̀ gáàsì.